Ẹni tí Ọ̀tìn gbé

Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, ọmọ Ìlọrin ni ìyá mi, ní àdúgbò Ajíkòbí. Ìtàn ogun kan náà ni mo gbọ́ dàgbà lẹ́nu ará ilé méjèèjì, àmọ́ mo ti lé lógún ọdún kí n tó mọ̀ pé ogun kan náà ni. Nílé bàbá mi, báyìí ni ìtàn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: "Nígbà tí Ìlọrin wá dó tì wá." Nílé ìyá mi ẹ̀wẹ̀: "Nígbà tí wọ́n gé afárá mọ́ àwọn èèyàn wa lójú." Ibi tí kálukú ti mú ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ẹjọ́ wà. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdótì, Ìlọrin ni ọ̀daràn. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ láti orí afárá, Ọ̀fà ló dá a sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó ti àwọn àgbà, mi ò tíì rí ilé kan tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ogun láti ọjọ́ tí àwọn fúnra wọn di ẹrù ogun, tí wọ́n jáde nílé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá mi wá sílé ọkọ l'Ọ́fà, wọ́n ti bu omi tutù sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tán, ó ti kúnlẹ̀ kí gbogbo ẹbí, ni àgbà kan tó jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ bá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹṣin ńkọ́?" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ọmọ ọdún 19 ni ìyá mi nígbà náà. Ó ní orí ìkúnlẹ̀ náà ni òun wà tí òun fi dáhùn pé, "Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wá, Bàbá." Bàbá náà kọjú sí ògiri, kò fọhùn mọ́ títí wọ́n fi mú ìyàwó wọlé. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ó dùn mí nígbà tí ìyá mi sọ ọ́ fún mi, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹni tó bá mọ oríkì Ìlọrin á mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ti wá. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀. Ìlú tóbi tó yìí, wọn ò léégún rárá. Ẹṣin leégún ilé, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ọ̀fà náà ní tirẹ̀: ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ilé kan ń fi ọ̀kọ̀ ṣorò, ilé kejì ń fi ìjàkadì ṣorò, èmi sì rèé láàrin wọn.

Ẹ jẹ́ kí n lọ díẹ̀ sẹ́yìn, torí bí a bá dúró sí orí ìdótì tàbí orí afárá nìkan, a ò ní í rí nǹkan kan. Ní nǹkan bí ọdún 1817, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó ń gbé Ìlọrin, yapa kúrò lábẹ́ Aláàfin. Ó fi àfáà Fúlàní kan, Àlímì, ṣe alátìlẹ́yìn, ó sì gba àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní jàmáà mọ́ra. Àwọn jàmáà yìí kan náà ló padà pa á, ní nǹkan bí 1824. Abdulsalam, ọmọ Àlímì, ló di Ẹ́míà àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni Ìlọrin ti di ìjọba ọ̀tọ̀ tó ń wo Sókótó àti Gwandu lójú, tí Ọ̀yọ́ sì ń wò ó bí ilé rẹ̀ tí àlejò gbà.

Ọ̀yọ́ ò fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n gbógun wá sí Ìlọrin léraléra. Ọ̀kan nínú àwọn ogun náà ni wọ́n ń pè ní Mùgbámùgbá, torí àsìkò tí igbá ń so ni, oúnjẹ ti tán lóko, èso igbá ni jagunjagun ń já jẹ. Mo máa ń ronú sí orúkọ yẹn. Àwọn tó sọ ogun lórúkọ kò fi balógun sọ ọ́, wọn ò fi ìlú tó ṣẹ́gun sọ ọ́, ebi ni wọ́n fi sọ ọ́. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ni ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, ní nǹkan bí 1836, nígbà tí Aláàfin Olúewu bẹ ọba Bàrùbá lọ́wẹ̀, tí wọ́n jọ gbógun ti Ìlọrin. Àwọn méjèèjì kú sógun náà. Wọ́n fi Ọ̀yọ́ Ilé sílẹ̀, igbó sì bò ó. Àwọn ará Ìlọrin tó bá ń ka àwọn ogun yìí lẹ́sẹẹsẹ kò parọ́ bí wọ́n bá sọ pé àwọn ni wọ́n wá ká mọ́lé. Àmọ́ ìlú tí wọ́n ká mọ́lé yìí kan náà ló gbéra lọ sí ìhà gúúsù kété tó ráyè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829, kò pẹ́ tó fi di ìlú àwọn ológun. Lọ́dún 1840, Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Ìbàdàn rán ogun lọ gba Òṣogbo sílẹ̀, Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ ló ṣíwájú wọn. Ohun tó ká Ìbàdàn lára jù ni ẹṣin Ìlọrin, nítorí náà wọn ò bá wọn jà lójú ọ̀sán, òru ni wọ́n kọlù wọ́n. Ìlọrin ṣubú níbẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ wọn ò tún lọ jìnnà sí ìhà gúúsù bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Ìlọrin lọ sí Òṣogbo yóò fojú ara rẹ̀ rí ìdí rẹ̀. Láti Ìlọrin dé Ọ̀fà, ilẹ̀ ọ̀dàn ni, koríko àti igi emi, ojú á ríran jìnnà. Bí o bá ti kọjá Òkukù sí ìhà Ìkìrun, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, wọ́n á máa dì mọ́ra wọn. Ẹṣin kò lè sáré níbẹ̀, eṣinṣin inú igbó sì ń pa á. Gbogbo wa la máa ń sọ pé òyìnbó ló fa ààlà Àríwá àti Gúúsù. Òyìnbó fà á lóòótọ́, àmọ́ ibi tó ti rẹ ẹṣin ló fà á sí.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo tí wọn kì í sọ nílé ìyá mi bí kò ṣe pé o bá bèèrè. Ọwọ́ tẹ Balógun Ajíkòbí níbẹ̀. Balógun mẹ́rin ni Ìlọrin ní, títí dòní ni orúkọ wọn wà lára àdúgbò: Gàmbàrí, Fúlàní, Alánàmú, Ajíkòbí. Ọ̀kan lára ti àwọn Yorùbá ni Ajíkòbí. Torí pé ọmọ Yorùbá ni, wọn ò kà á sí ọ̀tá, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n kà á sí. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Aláàfin l'Ọ́yọ̀ọ́, wọ́n sì pa á. Ìyàtọ̀ ọ̀tá àti ọ̀dàlẹ̀ yìí ti gba ọ̀pọ̀ òru lọ́wọ́ mi. Wọ́n lè gba owó lórí ọ̀tá kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹni tó ń sọ èdè rẹ, tó ní ilà ojú tó jọ tìrẹ, òun lo ò ní í dárí jì. Mo rò pé ohun tí bàbá tó jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ rí lójú ìyá mi nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, bóyá ì bá rẹ́rìn-ín sí i.

Wàyí o, Jálumi.

Lọ́dún 1878, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti ṣọ̀tẹ̀ sí Ìbàdàn. Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú wọn ti ni wọ́n lára ju bó ṣe yẹ lọ, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí ló sì kọ́kọ́ fa idà yọ. Ìlọrin rí àǹfààní níbẹ̀. Wọ́n da ọmọ ogun wọn pọ̀ mọ́ ti Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá, wọ́n lọ ká Ìkìrun mọ́, ìlú tó wà lábẹ́ Ìbàdàn. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó ogun Ìbàdàn dé. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 1878, ó tú wọn ká. Àwọn ọmọ ogun Ìlọrin kọjú sí ọ̀nà ilé. Odò Ọ̀tìn ló wà lójú ọ̀nà ilé.

Òjò ọdún yẹn kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Odò kún dé etí. Ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́sẹ̀ dé etí omi pa pọ̀, ìbọn ń dún lẹ́yìn, kò sí afárá. Wọ́n já lu omi. Orúkọ ogun náà nìyẹn, bí ẹnu ṣe pè é lọ́jọ́ náà: Jálumi. Ẹ̀sùn tí Ìlọrin kà sí Ọ̀fà lọ́rùn ni pé àwọn ará Ọ̀fà ló gé afárá náà. Mo ti bi àgbà mẹ́ta l'Ọ́fà. Àkọ́kọ́ ní òun ò gbọ́ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ rí. Ìkejì ní bí wọ́n bá tiẹ̀ gé e, Ìkìrun tí wọ́n lọ kó lẹ́rú, ta ni ará ibẹ̀? Ìbọ̀lọ́ bíi tiwa ni. Ìkẹta dákẹ́, ó ní kí n bá òun mú ṣíbáta òun wá, oòrùn ti ń wọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni kejì yẹn tọ́ kí n dúró lé lórí. Ọ̀fà, Òkukù, Ìnísà, Ìkìrun, Ìbọ̀lọ́ ni gbogbo wọn. Ohùn wọn bára mu, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Nígbà tí ìjọba ńlá méjì bá ń jà, àárín irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jà á. Ìlọrin àti Ìbàdàn kò fi bẹ́ẹ̀ pàdé lẹ́nu odi ara wọn. L'Óṣogbo ni wọ́n ti pàdé, ní Ìkìrun, l'Ọ́fà.

Lẹ́yìn Jálumi ni Ìlọrin wá dó ti Ọ̀fà. Kàrárà, Balógun Gàmbàrí, ló kó ogun náà sòdí. Ìbàdàn rán díẹ̀ nínú ọmọ ogun rẹ̀ wá ran Ọ̀fà lọ́wọ́, àmọ́ ọwọ́ Ìbàdàn ti há sí ogun Kírìjì, níbi tí Èkìtìparapọ̀, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, ti ń yìnbọn mọ́ wọn lórí òkè. Ọdún gorí ọdún. Ní 1886 wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní Kírìjì, Èkìtì sinmi, Ìjẹ̀ṣà sinmi, ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò dé Ọ̀fà. Ìlọrin kò dìde kúrò nídìí odi. Nígbà tí Ìbàdàn kúrò, Ọ̀fà fọ́. Wọ́n pa Ọlọ́fà àti àwọn ìjòyè. Àwọn tó bá lè sá, Ìkìrun àti Òṣogbo ni wọ́n sá lọ, wọ́n kọjá odò kan náà tó gbé àwọn ọmọ Ìlọrin lọ. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni bàbá bàbá bàbá mi wà lọ́jọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mú jáde nílé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún wa, ni ọlọ ata. Mo ti bèèrè ìdí tí èèyàn tó ń sá fún ikú á fi gbé òkúta. Ẹnikẹ́ni kò rí ìdáhùn fún mi. Ọlọ náà ṣì wà lẹ́yìn ilé ìdáná, àárín rẹ̀ ti jẹ wọlé bí àwo.

Èyí tó kù, òyìnbó ló parí rẹ̀. Gómìnà Carter ti Èkó wá ní 1893, ó tú ibùdó Ìlọrin àti ti Ìbàdàn ká. Wọ́n fi ṣọ́jà ìjọba Èkó ṣọ́ Odò Ọ̀tìn. Ní 1896 àwọn ológun Ìlọrin kọlu ibùdó ṣọ́jà náà, wọn ò rí i gbà. Ní oṣù kejì 1897, George Goldie ti ilé iṣẹ́ Royal Niger Company, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun Bídà, kó ìbọn arọ̀jò ọta wá sí Ìlọrin. Àwọn ẹlẹ́ṣin jáde sí i. Ọjọ́ méjì ni.

Àwọn ará Ọ̀fà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Ààlà tí wọ́n wá bá nílẹ̀ fi Ọ̀fà sọ́dọ̀ Ìlọrin, ó fi Ìkìrun àti Òkukù sí òdìkejì. Nígbà tó di 1900, Ìlọrin di ara Àríwá, àwọn ará kejì odò di ara Gúúsù. Láàrin ọdún 1950 sí 1960, ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ dìde, wọ́n bá ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group da ọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé Ìlọrin lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink tí ìjọba òyìnbó gbé dìde gbọ́ ẹjọ́ náà, ààlà kò yẹ̀. Ní 1967 ó di Kwara. Ní 1991 èyí tó wà ní òdìkejì di Ọ̀ṣun. Lónìí, tó o bá ń ti Ọ̀fà lọ sí Òkukù, pátákó kan ni wàá fi mọ̀ pé o ti jáde ní ìpínlẹ̀. Bàrùbá náà wà nínú Kwara pẹ̀lú wa, àwọn tí ọba wọn kú sí ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀.

Kò yẹ kí n sọ̀rọ̀ bíi pé àwa ará Ọ̀fà ni wọ́n máa ń ṣẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ̀rìn-Ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ààlà ti da àárín wa rú láìmọye ìgbà, ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ̀mí ti bọ́. Mo mọ bí ìtàn náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Mo lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé lọ kí ọ̀rẹ́ kan tó bímọ, mo gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ l'Ẹ́rìn-Ilé ti ṣáájú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ l'Ọ́fà. Ó dá mi lójú pé bí mo bá padà sí Ọ̀fà lọ sọ ọjọ́ yẹn, wọ́n á rí òmíràn tó ṣáájú rẹ̀.

Dahomey àti Ẹ̀gbá náà nìyẹn. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé Dahomey wá sí Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, pé Ẹ̀gbá lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti ń lọ sí Dahomey láti bíi 1726, pé Dahomey ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ lọ́dọọdún títí Gezo ọba wọn fi kọ̀ ní nǹkan bí 1823. Ọmọ Abomey ò lè gbàgbé ìṣákọ́lẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ò gbọ́ nípa rẹ̀.

Ó yẹ kí n padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Ní ilẹ̀ wa, àwọn ìyàwó ilé ló ń ki ilé. Ọmọ ilé lè gbàgbé oríkì ara rẹ̀, ìyàwó ò gbọdọ̀ gbàgbé. Òun ló máa fi jí ọkọ, òun ló máa fi rẹ ọmọ, òun ló máa fi sin òkú. Ìyá mi tó ti Ajíkòbí wá gbọdọ̀ kọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyálé rẹ̀, láàárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń gbálẹ̀. Láàrin ọdún mẹ́wàá, kò sí ẹni tó mọ oríkì Ọ̀fà tó ìyá mi nínú agboolé wa.

Nígbà tí bàbá tó bèèrè ẹṣin lọ́wọ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó. Ìyá mi ló ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Ọmọ ọdún 11 ni mí, èmi ni mo máa ń gbé àwo. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní kí ìyá mi ki òun. Ìyá mi jókòó sórí ẹní, ó gbé ohùn sókè: Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, Ọlọ́fà Mojò, Ọlálọmí, ọmọ abíṣujóóko. Ìjà kan, ìjà kàn tí wọ́n jà l'Ọ́fà nílé Ọlálọmí, ó ṣojú ebè, ó ṣojú poro. Bàbá di ojú rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ Ìlọrin." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tó fi ìlú ìyá mi pè é láìsí ìbínú nínú rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, mo ń lọ sí Ìkìrun, mo ní kí awakọ̀ dúró fún mi létí Ọ̀tìn. Omi pọ́n bí àgbo, ó ń yára, ó ń gbé ewé àti ike omi lọ. Obìnrin méjì ń fọ aṣọ lórí òkúta. Mo pe ìyá mi lórí fóònù ní Ìlọrin.

"Mo wà létí Ọ̀tìn, Ìyá."

Kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ó kún?"

"Ó kún, Ìyá."

Ìgbà náà ló sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Ó ní ọkùnrin kan nílé àwọn wà lára àwọn tó já lu omi. Orúkọ rẹ̀ ti sọnù. Ìyá ìyá òun ò mọ̀ ọ́n, ìyá ìyá tiwọn náà ò mọ̀ ọ́n. "Ẹni tí Ọ̀tìn gbé" ni wọ́n ń pè é tí wọ́n bá ń ṣàdúà fún àwọn òkú. Ó ní wọn ò rí i sin.

"Ka Fátíà kan fún un," ó ní. "Ìwọ lo débẹ̀."

Mo gbé fóònù sílẹ̀ sórí irin afárá, mi ò pa á, kí ó lè gbọ́. Mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ọkọ̀ ńlá kan tó kó iṣu kọjá lẹ́yìn mi sí ìhà Ọ̀fà, afárá gbọ̀n, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ Fátíà náà lẹ́ẹ̀kejì.